Bátìrì Ràímì Tí Mo Gbé Lọ Síwájú Àwọn Aṣòfin

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ẹ bá mi sunkún. Ẹkún gan-an kò wá mọ́. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti sunkún gbẹ̀yìn, mi ò sì mọ ibi tí omi ojú náà gbà lọ. Mò ń jí, mò ń kírun, mò ń ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní Gawon Nama nílùú Sókótó, mò ń da omi sínú bátìrì àwọn oníbàárà, mò ń jẹun, mò ń sùn. Bí ẹ bá bi àwọn ará ilé mi, wọ́n á ní ara mi le. Ṣùgbọ́n ọmọdébìnrin kan wà tó ń jẹ́ Sífáwù. Bí ó bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó máa ń juwọ́ sí mi, nítorí kò lè gbọ́ bí mo bá kí i. Bí ó bá ti juwọ́ báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹlòmíràn ló wọ aṣọ mi tó jókòó sórí àga mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Èmi ni mo fà á tó fi di adití, ìyá rẹ̀ sì rò pé bàbá rẹ̀ ni.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Iṣẹ́ bátìrì ni mo kọ́ nílé, òun náà ni mo gbé wá sí Sókótó láìpẹ́ lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí. Iṣẹ́ wa kò le púpọ̀ láti ṣàlàyé. Bí bátìrì mọ́tò bá kú, wọ́n á gbé e wá, a ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fi iná sí i, á wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó tó kún. Awakọ̀ kò lè káwọ́ gbera fún odidi ọjọ́ kan, nítorí náà gbogbo ṣọ́ọ̀bù bátìrì ló ní ògbólógbòó kan tí wọ́n máa ń yá oníbàárà títí tirẹ̀ yóò fi kún. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, dattijo ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bí àwọn Hausa ṣe ń pe àgbàlagbà tó yẹ ní bíbọ̀wọ̀ fún. Ẹ̀fẹ̀ ni. Dattijo lè jí mọ́tò lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, bí inú rẹ̀ bá dùn. Èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn oníbàárà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì tètè padà wá gba tiwọn.

Ràímì ni bàbá Sífáwù. Àbúrò mi ni, kì í ṣe pé ìyá kan náà ló bí wa o, ilé wọn ló kọjú sí ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ni mo kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó wá bá mi. Oṣù mẹ́jọ ló fi sùn sórí ẹní nínú yàrá mi kí ó tó mọ mọ́tò wà dáadáa. Nígbà tó fẹ́ Ìyá Sífáwù, ọmọ Ìlọrin tó ń ránṣọ, èmi ni mo dúró bí ẹbí ọkọ, èmi ni mo gba ìyàwó lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dé ìlú yìí, kò pè mí lórúkọ rí. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí, ohun tí mo bá sì sọ, ó ti parí nìyẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ni kò ní fẹ́ràn kí wọ́n máa gbọ́ràn sí òun lẹ́nu?

Píjò àtijọ́ kan ni Ràímì fi ń ṣe tákísí láti Minanata, níbi tó ń gbé, lọ sí ọjà. Dáínámò mọ́tò náà kò ṣiṣẹ́ mọ́, ìyẹn ni pé bí mọ́tò ṣe ń rìn, bátìrì rẹ̀ ń gbẹ lọ ni. Ìyàwó rẹ̀ ti ń pariwo lé e lórí láti oṣù mẹ́ta pé kí ó tún un ṣe. Ó ní òun máa tún un ṣe lẹ́yìn Iléyá. Kí ó tó dìgbà náà, ó ra bátìrì tuntun kan, ọ̀kan tó lágbára gan-an, ó sì ń gbé e wá fún mi láti fi iná sí i lóòrèkóòrè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé ó mọ̀ pé mọ́tò òun kò pé. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó rọrùn fún gbogbo ayé láti dá a lẹ́bi.

Ìgbà ìjọba alágbádá nìyẹn, ìgbà tí gbogbo ìpínlẹ̀ ní àwọn aṣòfin tirẹ̀. Àwọn aṣòfin tiwa ní Sókótó ń jiyàn lórí àbá òfin kan nípa ọkọ̀ ìgboro. Kò sí bọ́ọ̀sì ìjọba nínú ìlú nígbà náà. Bí o kò bá rí tákísí, wàá gun alùpùpù ẹni tó bá ṣàánú rẹ, tàbí kí o fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn tó ń jó atẹ́lẹsẹ̀ yẹn. Wọ́n fẹ́ kí ìjọba ra bọ́ọ̀sì tí yóò máa ná gbogbo àdúgbò. Ọnárébù kan wá wà láàárín wọn, ọkùnrin gíga kan tó máa ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ti lọ sí ìlú Òyìnbó, ó sì rí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń pín wàrà láàárọ̀ níbẹ̀, tí kò mu epo rárá, bátìrì ni wọ́n fi ń wà á. Ó ní kí wọ́n fi kún òfin náà pé díẹ̀ nínú ọkọ̀ ìgboro Sókótó yóò máa fi bátìrì rìn, nítorí ọ̀nà jìn tí epo fi ń dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi í bóyá ràkúnmí ni yóò máa wọ́ ọkọ̀ náà bí iná ìlú bá lọ. Inú bí i, ó ní òun á gbé ọ̀kan wá síwájú wọn kí wọ́n tó dìbò.

Báyìí ni ó ṣe di oníbàárà mi. Ó sọ̀kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú bàbáńrígà funfun, gbogbo àdúgbò dìde láti wò ó. Ó bi mí léèrè lédè Hausa bóyá nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe. Mo ní ó ṣeé ṣe. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí mọ́tò bá wà nínú gíá, tí o sì yí kọ́kọ́rọ́, sítátà nìkan lè sún un síwájú láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì jí? Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ mọ́tò ló mọ̀ ọ́n. Èmi àti ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń jó irin ní ẹ̀gbẹ́ mi yọ ẹ́ńjìnnì mọ́tò kékeré kan, a fi sítátà ọkọ̀ akẹ́rù rọ́pò rẹ̀, a to bátìrì mẹ́jọ sẹ́yìn. Ó gbà wá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó rìn! Kò lè rìn jìnnà, sítátà á gbóná, ṣùgbọ́n ó rìn láìpariwo. Mi ò láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Láti ìgbà tí mo ti dé Sókótó, Bayarabe oníbátìrì ni mí, bí àwọn Hausa ṣe ń pe Yorùbá, ẹni tí ásíìdì ti jẹ aṣọ rẹ̀ ní ihò ihò. Ó wá ku ọ̀la kí n dúró níwájú àwọn aṣòfin.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ọ̀kan nínú bátìrì mẹ́jọ náà kú. Irin inú rẹ̀ ti já, kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe sí i. Mo wo gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíká. Bátìrì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tó lágbára tó, tó sì ti kún. Ti Ràímì ni. Bí mo ṣe ń wò ó lọ́wọ́ ni Ràímì fúnra rẹ̀ wọlé pé òun wá gba bátìrì òun. Ó béèrè bóyá ó ti kún. Mo ní kò tíì kún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ọwọ́ kékeré tó ń fi hàn lójú ẹ̀rọ bí iná ṣe ń wọlé sí. Ọwọ́ náà ti sùn pátápátá, ìyẹn ni pé bátìrì ti yó. Ràímì ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi tó láti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ojú sókè wò mí. Mo tún un sọ pé kò tíì kún, kí ó jẹ́ kí dattijo tí mo ti yá a ṣì wà nínú mọ́tò rẹ̀ di ọ̀sán ọ̀la. Ṣé ẹ rí i, bí mo bá sọ òótọ́ fún un, tí mo ní, Ràímì, yá mi ní bátìrì rẹ, ì bá yá mi. Ì bá tilẹ̀ bá mi gbé e. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ọmọ tí mo mú wá sí ìlú. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n." Bí ó ṣe ń lọ, ó ní Sífáwù ń sọ pé orí ń fọ́ òun láti ọ̀sán. Mo ní ooru ni, kí wọ́n fún un lómi mu dáadáa.

Ìgbà ooru ni lóòótọ́, àkókò tí àrùn ọrùn líle máa ń jà ní apá ibí yìí, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau. A ti ń gbọ́ pé ó ti mú àwọn ọmọ kan ní àdúgbò mìíràn. Mo mọ̀ nípa rẹ̀ bí gbogbo èèyàn ṣe mọ̀. Mi ò rò ó mọ́ Sífáwù ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ kírun Jímọ̀. A gbé mọ́tò wa, pẹ̀lú bátìrì Ràímì lẹ́yìn rẹ̀, dé ọgbà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, àwọn aṣòfin jáde wá dúró lábẹ́ igi pẹ̀lú láwàní wọn. Mo wọlé, mo tẹ nǹkan, mọ́tò rìn. Ó yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀kan, kò dún ju bí ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan tẹ̀ ba, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó ń béèrè pé, "Ina injin?" pé níbo ni ẹ́ńjìnnì wà. Àgbàlagbà kan tó ti fi Ọnárébù ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ ní kí n gbé òun, mo sì gbé e. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó yìn mí pé, "Madalla, Bayarabe." Wọ́n kọ orúkọ mi sínú ìwé. Wọ́n ní àwọn máa yan ìgbìmọ̀ tí yóò yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kí òfin tó kọjá. Mo rò pé ayé mi ti yí padà ní àárọ̀ yẹn, ó sì ti yí padà lóòótọ́.

Ní wákàtí kan náà, ní Minanata, ọrùn Sífáwù ti le bí igi. Ó ń bì, kò sì fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kan òun lójú. Ràímì gbé e sínú mọ́tò, ìyá rẹ̀ wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́, dattijo kò dáhùn. Àwọn aládùúgbò tì í nínú yanrìn títí ó fi jí. Nígbà tí wọ́n dé ìtòsí Kofar Marke, èrò dí ọ̀nà, wọ́n ní láti dúró, mọ́tò sì kú. Kò tún jí mọ́. Ràímì gbé ọmọ náà jáde, ó ń dá tákísí dúró. Wọ́n ń dúró o. Bí awakọ̀ bá ti rí bí ọrùn ọmọ náà ṣe tẹ̀ sẹ́yìn, á mọ̀ pé sankarau ni, á ní "Allah ya kiyaye," pé kí Ọlọ́run ṣọ́ni, á wa mọ́tò rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó fẹ́ gbé àrùn yẹn délé bá àwọn ọmọ tirẹ̀. Mi ò bú wọn. Ràímì sáré, ó rìn, ó tún sáré. Wọ́n ti ń pe ìrun ọ̀sán nígbà tó dé ilé ìwòsàn. Dókítà tọ́jú ọmọ náà, kò kú. Ṣùgbọ́n ó sọ fún wọn pé ká ní wọ́n ti gbé e dé láàárọ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí etí rẹ̀ má lọ.

Mo gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe, mo tijú láti sọ ọ́. Kì í ṣe ilé ìwòsàn ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo lọ yọ bátìrì Ràímì kúrò lẹ́yìn mọ́tò tí a gbé lọ han àwọn aṣòfin, mo nù ún, mo gbé e padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, mo so ó mọ́ ẹ̀rọ bíi pé kò kúrò níbẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni mo wá lọ sí ilé ìwòsàn. Ràímì dìde láti kí mi. Ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi pé òun fi dattijo sílẹ̀ sójú títì. Mo ní kò burú.

Dáínámò ni Ìyá Sífáwù kọ́kọ́ dárúkọ. Ó ní oṣù mẹ́ta ni òun fi kìlọ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kofar Marke, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ó ń gba oúnjẹ ọmọ lọ́wọ́ Ràímì, ṣùgbọ́n kò bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá fẹ́ sọ nǹkan fún un, á rán èèyàn. Ràímì rù débi pé aṣọ rẹ̀ ń já bọ́ léjìká. Ta wá ni wọ́n ní kí ó parí ìjà náà? Èmi ni. Àbí èmi kọ́ ni mo gba ìyàwó? Mo ń lọ, mo ń bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìpàdé, a pe gbogbo ọmọ ìlú wa tó wà ní Sókótó jọ sí iwájú ilé mi. Níbẹ̀ ni mo ti la ẹnu mi yìí tí mo sọ pé, "Ràímì, ìwọ lo jẹ̀bi. Dọ̀bálẹ̀, kí o bẹ ìyàwó rẹ." Ó wò mí díẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ẹní, àyà kan ilẹ̀, ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún, níwájú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn àna rẹ̀. Mo rí ẹ̀yìn orí rẹ̀. Mi ò lè sọ bó ṣe rí lára mi nígbà náà. Mo rò pé kò ṣe mí ní nǹkankan rárá, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ìyá Sífáwù sunkún, ó ní òun ti gbọ́. Ó padà sílé lọ́sẹ̀ yẹn.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí òfin náà ṣe já sí. Ìgbìmọ̀ jókòó lẹ́ẹ̀mejì. Ọnárébù ránṣẹ́ pè mí, ó ní ọ̀rọ̀ ń lọ dáadáa. Àwọn ológun gbàjọba, wọ́n ti ilé ìgbìmọ̀ pa, àwọn aṣòfin tú ká. Bọ́ọ̀sì kò dé, ti epo kò dé, ti bátìrì kò dé. Mọ́tò tí a ṣe wà nínú ọgbà ilé ìgbìmọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́, ewúrẹ́ ń sùn nínú rẹ̀. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn pé bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti ṣe òfin yẹn tipẹ́, bọ́ọ̀sì kan ì bá kọjá ní Kofar Marke ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ó ti ẹnu mi jáde.

Lọ́dún tó kọjá ni mi ò lè pa àṣírí náà mọ́ra mọ́. Ràímì wá gba bátìrì rẹ̀ lọ́sàn-án kan, ó ṣí iwájú mọ́tò, ó ń fi sípánà di wáyà mọ́ ọn. Mo dúró tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀: ìrọ̀lẹ́ yẹn, ọgbà àwọn aṣòfin, bí mo ṣe gbé bátìrì náà padà. Kò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ó di nọ́ọ̀tì kan, ó di èkejì.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ó ti kún. Ẹ̀yin lẹ ní kò kún."

Mo ní màá sọ fún Ìyá Sífáwù ní ọjọ́ náà gan-an, màá kúnlẹ̀ fún un. Ó gbé sípánà sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má sọ fún un o. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ọdún márùn-ún ló fi yàn mí lódì. Ó ti wá dárí jì mí báyìí, ara rẹ̀ sì ti balẹ̀. Bí ó bá gbọ́ pé kì í ṣe èmi, ta ni yóò wá dárí ji òun náà fún ọdún márùn-ún yẹn?"

Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà, kò tíì fi ẹ̀sùn kankan kàn mí. Ó ṣì ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n. Ó ṣì ń bọ́ fìlà kí mi. Èmi kò lè sọ fún yín bóyá ó ti forí jì mí, nítorí mi ò lójú láti bi í.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n pa ẹ̀bẹ̀ Ràímì mọ́, kí ó máa ru ẹ̀bi mi lọ títí ọmọ rẹ̀ yóò fi dàgbà, títí tí òun alára yóò fi kú? Tàbí kí n sọ òtítọ́ fún obìnrin náà, kí n sì gba àlàáfíà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lọ́wọ́ rẹ̀? Èyíkéyìí tí mo bá yàn, mo tún dúró ṣe ìpinnu fún wọn bí ẹ̀gbọ́n nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Ìyá Sífáwù máa ń gbé tuwó wá fún mi. Ní èyí tó kọjá yìí, ó kúnlẹ̀ gbé abọ́ náà kalẹ̀, ó ní òun kì í gbàgbé mi nínú àdúà, pé bí kì í bá ṣe èmi, ilé òun ì bá ti tú. Ràímì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Mo ní kò tó ọpẹ́. Mo jẹ tuwó náà tán.